Bíírò Kì í Kúrò Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Kùrukùru bo Fresno látàárọ̀. Bọ́ọ̀sì pẹ́. Síbẹ̀ mo dé Yàrá Àròkọ ṣáájú Mando tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìpàdé gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ tá a ń ran akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ láti kọ àròkọ. Màmá Bíírò (Míìsì Halvorsen, ọ̀gá wa) tún ka òfin rẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà: bíírò kì í kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. A ò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sórí ìwé wọn. A ò gbọdọ̀ sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ìbéèrè nìkan. "Ẹ bi wọ́n, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn rí i."

Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ẹnu mi ò pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ̀ pé mò ń du sikọ́láṣíìpù àwọn olóko ọsàn. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa rán lọ sí yunifásítì etí òkun láti inú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, àròkọ ni wọ́n sì fi ń yan ẹni náà. "Tí ẹlòmíì tó ń dù ú bá wá jókòó síwájú ẹ, Pakou, gbé e fún Mando. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, mà.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Àròkọ tèmi ti parí. Mo tún un kà. Ó dà bí ilẹ̀ ọsibítù: ó mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ sùn síbẹ̀.

Màmá ní tí ilé ìwé bá ti parí, ìsọ̀ sitirọ́bẹ́rì wa lẹ́bàá títì ń dúró dè mí. "Ìwé tó o kà yìí ti tó ẹ. Ṣé ìwé la fẹ́ máa jẹ ni?" Oòrùn. Eruku. Àwọn oníbàárà tó máa tọ́ ọ wò, tọ́ ọ wò, tí wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀ wọn. Títí ẹnì kan á fi wá fẹ́ mi.

Tí n ò bá rí sikọ́láṣíìpù yìí gbà, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì

Ẹni tuntun. Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Láti ìdájí ló ti ń to ọsàn sí páálí nílé ìdìpọ̀, ibẹ̀ ló sì ń gbà wá sí kíláàsì. Èèpo ọsàn ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Ọlọ́sàn. Inú ìwé yìí nìkan o.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ páálí lọwọ́ mi, kì í ṣe ọwọ́ ìwé."

Ló bá rí orúkọ tó wà láyà mi. Ojú rẹ̀ là. "Lor? Lor ni yín? Háà! Lor lèmi náà! Youa Lor!" Ojú ẹsẹ̀ ni "ẹ" di "o", tíṣà di àbúrò. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwa ẹ̀yà Hmong nìyẹn: bí orúkọ ìdílé bá ti pa wá pọ̀, ọmọ ìyá ni wá, a ò lè fẹ́ra wa, a ò sì gbọdọ̀ já ara wa sílẹ̀. "Àwọn baba wa ló fà mí wá sídìí tábìlì ẹ, àbúrò mi. Tìẹ ni mo máa jókòó tì."

Mo bi í, kí ló gbé wá. Àròkọ sikọ́láṣíìpù àwọn olóko ọsàn.

Mando wà ní tábìlì kejì, kò ṣe nǹkan kan, ó ń jẹ ìpápánu. Mo wò ó. Mo wo obìnrin náà.

Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì

Àròkọ Ìyá Ọlọ́sàn kún fún àṣìṣe bí ajá oko ṣe kún fún eégbọn. Gbólóhùn ń ṣubú lura wọn. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ —

Bàbá rẹ̀ ṣubú láàárín igi ọsàn nígbà ìkórè. Wọ́n gbé e délé, kò sọ̀rọ̀, kò jẹun. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀mí rẹ̀ ló ṣẹ́kù sóko. Ó mú ẹyin àti tùràrí, òun àti Youa padà lọ síbẹ̀ láti pè é wálé. Fọ́máànù ká wọn mọ́bẹ̀, ó ń jágbe: kí lẹ ń wá nínú oko olóko? Youa ní, "Bàbá mi ni." Ọkùnrin náà ò tún bèèrè nǹkan kan. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba, ó bá wọn ń wo abẹ́ igi láti ìlà dé ìlà.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì

Ìyá Ọlọ́sàn gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Mando mú un, ó gun orí àga, ó fi ohùn ìyá arúgbó kà á: "Ẹ̀mí o! Ẹ̀mí baálé mi! Máa bọ̀ wálé, ìrẹsì ti jinná!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi tú omi sára. "Tún un pè, bóyá ó wà nínú páálí!"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó ti padà wá mú ìwé rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo lè fa Mando lẹ́sẹ̀. Mo lè wúkọ́.

N ò ṣe é. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì

Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ti ṣe lórí tábìlì yẹn.

Mo bi í: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó máa ka èyí, ṣé wọ́n mọ ohun tí ẹyin ń ṣe lóko?" Ó dákẹ́. Mo dákẹ́ jù ú lọ.

"Lọ́jọ́ tí Mando kà á, kí lẹ rò pé ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?" Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Fọ́máànù yìí, ṣé ìtàn tiyín la fẹ́ kà ni àbí tiẹ̀?"

Ó fi bíírò fagi lé e. Gbogbo abala náà, láti ẹyin dé fìlà. Fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá Bíírò gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó mi orí sí mi: ó dára.

Ìyá Ọlọ́sàn ní, "O ṣeun, àbúrò. O ò jẹ́ kí n kó ìtìjú bá ìdílé wa."

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kejì

Ó gbé ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ra àti adìẹ bíbọ̀ wá fún mi, ata gígún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Ata náà dáa.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kejì

Àròkọ rẹ̀ ti mọ́ báyìí. "Iṣẹ́ àṣekára ni ó mú mi dé ibi tí mo dé yìí." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ láti òkè délẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló máa kọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọsibítù. Ilẹ̀ ọsibítù tèmi ló sì mọ́ jù.

Bó ṣe ń dìde, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, àbúrò? O ò ní dù ú ni?"

Ìbéèrè la fi ń dá ìbéèrè lóhùn níbí. Mo ní, "Kí lẹ rò, ẹ̀gbọ́n?"

Ó wò mí pẹ́ díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. "Mo rò pé ọmọ tó gbọ́n tó báyìí ò ní máa bá àgbààyà bí èmi jà sí nǹkan."

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kejì

Òní ni òpin gbígbà á. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́. Mo pàdé rẹ̀ níta, ó ní òun náà ti fi tòun ránṣẹ́. Ó dì mọ́ mi. Òórùn ọsàn lára aṣọ òtútù mi títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Kò sí ìròyìn. Màmá ti kun pátákó ìsọ̀ ní ọ̀dà pupa tuntun. Mi ò wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Ìyá Ọlọ́sàn ni wọ́n yàn.

Màmá Bíírò sáré wọ Yàrá Àròkọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó ka lẹ́tà àwọn olóko sókè. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó ti dàgbà sínú ọsàn, ò lè ka abala fọ́máànù tó ń wo abẹ́ igi parí. Omi ojú ò jẹ́.

Fọ́máànù. Mo ní kó tún un kà. Fọ́máànù ló wà níbẹ̀.

"Ta ló jókòó tì í nínú yín?"

Mando ní, "Pakou ni."

Màmá Bíírò wò mí. Mo ń retí kó lé mi. Ojú rẹ̀ kàn rọ̀ ni. Ó ní, "O ń dù ú, o tún ràn án lọ́wọ́ láti borí ìwọ fúnra ẹ." Ó ní òfin lòun ṣe, àmọ́ ọkàn báyìí ju òfin lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n dìde dúró kí wọ́n lè rí mi.

Mo dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Mo ní orí ń fọ́ mi. Màmá ní irọ́ ni. "Ará ilé wa gba ẹ̀bùn, wọ́n fẹ́ so òwú ìbùkún mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ìwọ tó o ràn án lọ́wọ́ á wá jókòó sílé? Kí ni kí n wí fáwọn Lor?" Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa. Ó gbé sitirọ́bẹ́rì àkọ́so dání. Inú rẹ̀ dùn sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí.

Ilé kún. Adìẹ, ẹyin, tùràrí. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga ńlá, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ọmọdé jà sórí itan adìẹ. Ọkùnrin tí wọ́n wá lábẹ́ igi. Ó rí mi, ó ní, "Ṣé ìyẹn ni? Ó tín-ín-rín jù! Ẹ fún un lẹ́ran!"

Wọ́n so òwú funfun fún Youa tán, ló bá ní òun náà fẹ́ so fún mi. Gbogbo wọn hó yè. Ó mú ọwọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ súnmọ́ etí mi bó ṣe ń so ó, ohùn rẹ̀ ò ga.

Ó ní orúkọ mi wà lára ògiri ọ́fíìsì pẹ̀lú orúkọ òun, nínú àwọn tó ń du sikọ́láṣíìpù, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ojú mi dà bíi tẹni tí ẹ̀rù ń bà. "Mi ò mọ ibi tí àròkọ mi ti dáa, àbúrò. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi, ẹ ní òfin. Ìwọ lo sọ fún mi. Gbogbo ibi tó o fi ìbéèrè gún, mo lọ kọ ọ́ padà nílé."

Ó so kókó náà le. Ó wá gbé ohùn sókè, kí gbogbo ilé lè gbọ́:

"Kí ẹ̀mí àbúrò mi padà wálé. Kó má rìn jìnnà mọ́. Ilé ni kó máa gbé, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Gbogbo wọn ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ohùn màmá mi ló ga jù.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Ìsọ̀ sitirọ́bẹ́rì, láti àárọ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀bẹ gé òwú náà. Màmá gbá ọwọ́ mi. Ó gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ̀mí má baà sá.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹrin

Omi sitirọ́bẹ́rì ti kun òwú náà, kò funfun mọ́.

Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú mi pẹ̀lú àròkọ nípa ajá rẹ̀ tó kú. Mo ní kó mú bíírò rẹ̀. Mo wá ìbéèrè títí, n ò rí ọ̀kan.

Mando nawọ́ sí ọrùn ọwọ́ mi. "Ta ló so ìyẹn mọ́ ẹ?"

Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ni.