Ìṣó Inú Bàtà Rẹ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Màmá ń kí yín. Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran. Gbogbo eruku ilé mi ni wọ́n ti rí tán.

Mo gbé bàtà tí o fi ń wọnlẹ̀ nínú igbó lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, bí o ṣe ní kí n ṣe nígbà tí o fi í ránṣẹ́. Ó ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, ká ra èyí tí wọ́n fi òwú rán ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò wọ́n, á sì tọ́jọ́. Bó ṣe ki ọwọ́ bọ inú ti ẹsẹ̀ òsì, kíá ló fà á yọ. Ìṣó ló yọrí nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ yí i ká.

Ó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò mọ̀ ọ́n lára ni?”

Bí ti Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n tẹ ìgò, wọn ò mọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ni, títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ wọn.

Jọ̀ọ́, má kọ̀wé pé ara le. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lónìí.

Mo ti ra tuntun, òun ló wà nínú ẹrù yìí. Ẹsẹ̀ méjì lo fi jáde nílé. Ọlọ́run á jẹ́ kí o fi méjèèjì wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.