Ọkọ̀ Ọmọ Mi Kò Ní Yà l'Ékòó Mọ́

Irọ́ tí mo pa fún ọmọ mi kò jẹ́ kí n lè jẹun. Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, ẹ má dárúkọ mi.

Ó ti di ọdún méje tí mo ti rí ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kẹ́yìn. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tí yóò yà l'Ékòó. Ẹgbẹ́ àsàlátù mi ti ṣe àdúà fún un. Ó wá pè mí:

"Màámi, wọ́n ti gbé wa sí ọkọ̀ mìíràn, kò sì ní dé Èkó. Ṣé kí n fagi lé e, kí n wọ bàálù wá?"

Mo ní, "Rárá o, àárò rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ sọ mí."

N kò lọ àsàlátù mọ́, torí wọ́n á béèrè rẹ̀. Jímọ̀ọ̀ ni gbèdéke tó ní láti fagi lé e. Ṣé kí n pè é padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.