Iṣu Tuntun Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje, 2025
Èmi Àjàyí di òǹkọ̀wé! Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ọgbà ẹ̀wọ̀n wa fún àjọ̀dún rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe wọ́dà níbẹ̀, ta ló tún kù? Ọ̀gá Ilé—Comfort ìyàwó mi—ní irọ́ ni n ó fi kún un. Mo ti ra kálámù mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje
Ojú ìwé mẹ́rin! Ẹ̀wà oníkòkòrò, ìjà nídìí kànga, ẹlẹ́wọ̀n tó ń gé irun gbogbo wa. Orí mi ń wú.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje
Òjò. Mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje
Mo dé orí oko ẹ̀wọ̀n, ọdún 1991. Ẹlẹ́wọ̀n kan wà níbẹ̀, Ọlọ́runfẹ́mi, ará Odò-Ọrọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iṣu tuntun wà bíi tirẹ̀: á rọra gbẹ́ ilẹ̀, á gé iṣu kúrò lórí, kò ní fọwọ́ kan ìtàkùn, á tún bò ó kó lè ta èyí tí a ó gbìn. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ló yẹ kó lọ sílé. Iṣu kò tíì gbó. Mo sì fẹ́ fi iṣu tuntun gbayì lójú ọ̀gá pátápátá. Mo ti ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ rẹ́jísítà, mo ní kò tíì dé. Ọjọ́ kejìlélógún ló lọ.
Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje
Ọ̀gá Ilé ti ka ìwé yìí—obìnrin yìí! Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ ná. Ẹnu rẹ̀ mú. Òótọ́ ló sì sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje
Ọkọ̀ dé Ìkọ̀lé, ọ̀kadà dé Odò-Ọrọ̀. Ìbàdí mi!
Ọlọ́runfẹ́mi dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. “Ọ̀gá Àjàyí! Ẹ wọ ulé, ẹ wá jẹ uṣu.” Iṣu tuntun, ó dùn. A fi ẹ̀wà oníkòkòrò rẹ́rìn-ín títí. Mo wá jẹ́wọ́. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbà pé àwọn ará oríléeṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ló fi ìwé náà falẹ̀. Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ló yẹ kí òun jáde. Mo ní ọjọ́ kẹrin.
Ó gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yẹn ni ìyá òun kú, orúkọ òun ló ń pè.
A kò jẹun mọ́. Síbẹ̀ ó sìn mí dé ìdí ọ̀kadà, ó di iṣu méjì fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Keje
Ọ̀gá Ilé bèèrè bóyá kí òun se iṣu náà. Mo ní rárá.
Mo ya ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù keje, 1991 ni mo ti tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mi ló ṣáájú níbẹ̀.