Mi Ò Ní Pa Róómìn Mi

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ilé tó ń gbọ́ yín. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, arúgbó tí kò kàwé. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tèmi nílé ìwòsàn ló ń bá mi kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ìtọ́jú orúnkún ló gbé mi wá sílẹ̀ òkèèrè. Ọmọ mi ọkùnrin ní tí n bá ti dé, kí n tan róómìn. Róòmù ni mo gbọ́, ni mo bá tan gbogbo iná yàrá. Ará bẹ́ẹ̀dì kejì ní, “Bàbá, ṣé òkùnkùn ń bà yín lẹ́rù ni?” Ọjọ́ kẹta ló tó bá mi tan ti fóònù, èyí tó ń jẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè.

Ìyàwó mi ti rò pé mo ti kú, kò jẹun. Adití ni, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀, àfi ká ríra wa lójú fóònù.

Ní báyìí, ọmọ yìí ní, “Bàbá, ẹ pa á, owó ló ń jẹ. Ẹ kàn máa pè wá.”

Mo ní, “Etí wo ni ìyá ẹ fẹ́ fi gbọ́ ìpè, ìwọ ọlọ́gbọ́n?”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé agídí ni mò ń ṣe? Ẹ bá wa dá sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa á, àfi tí mo bá dúró níwájú ìyàwó mi.