Oṣù Méjì Lójú Awò Mi

Kábà, ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì

Inú ń bí mi. Lánàá, iná orí òpó tẹlifóònù pín sí méjì lójú awò olójú méjì tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Mo yí sukurú rẹ̀ títí iná fi di ẹyọ kan.

Lónìí, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wá oṣù ààwẹ̀. Lèmọ́mù wò ó, oṣù méjì ló rí. Àna mi, Alájì, náà rí méjì. Ó ní, "Ṣé ààwẹ̀ méjì la máa gbà ni?" Èmi wò ó, ẹyọ kan ni.

Mo gbé e délé, ìyàwó mi fi wo iná òpó: méjì.

Ó ní, "Bàbá Ráfíù, ojú yín nìkan ni awò yìí ṣe wẹ́kú. Ibo ni sukurú ojú yẹn wà, ká yí i?"

Mo ti wo dígí lẹ́ẹ̀mejì báyìí, láti mọ̀ bóyá ojú mi ló wọ́.