Ọ̀rọ̀ Tí Wáyà Kò Lè Sọ Sókè

Àbámẹ́ta, 2 Máàṣì 2024
Ìwé, mo ti di ìyàwó ilé. Ojú ṣì ń tì mí láti pe ọkọ mi lórúkọ, nítorí náà Wáyà ni màá máa pè é níbí. Lawrence ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n wáyà kì í tán lápò rẹ̀. Mo fọ ọ̀kan mọ́ ṣòkòtò lánàá. Ó ní kò burú. Ojú rẹ̀ burú.
Kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú ní ọsibítù kan tó ní ẹ̀ka méjì — Àkúrẹ́ níbí, àti Oǹdó, ìlú mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni, wọ́n ṣì ń dán an wò. Yàrá kan la ní ní Isikan, ṣùgbọ́n tiwa ni. Mo ti ta kọ́tíìnì sójú fèrèsé.

Ajé, 4 Máàṣì
Wàhálà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà ńlá kan, sáfà ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ìwé àwọn aláìsàn wà. Láti ìgbà tí Wáyà ti yí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ wọn padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn kanlẹ̀kùn, tí ará ilé ní "Ta nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní báyìí Àkúrẹ́ ń kanlẹ̀kùn, Oǹdó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.
Mo ní bí ẹ̀gbọ́n mi Títílayọ̀ ṣe ń ṣe sí àna rẹ̀ nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 5 Máàṣì
Wọ́n gbé ìyá arúgbó kan wá láti Oǹdó, pẹ̀lú bí epo ọkọ̀ ṣe wọ́n yìí. Àkúrẹ́ ò rí ìwé rẹ̀. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá ní èyí tí wọ́n gbà lọ́hùn-ún ńkọ́, ṣé wọ́n ti tà á ni? Ariwo dé etí Dókítà Oyèbọ́lá tó ni ọsibítù. Wọ́n ní bí sáfà méjèèjì ò bá gbọ́ra wọn yé títí Ẹtì, àwọn á pe èèyàn wá láti Èkó, kí Wáyà máa lọ sílé.
Ilé wo? Bí kò bá sí owó yàrá, ilé Màmá rẹ̀ ní Ìta-Ògbólú ni o. Màmá dára. Ṣùgbọ́n Màmá kì í kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì
Ó tún aago sáfà ṣe, ó ní bí aago ò bá dọ́gba wọn kì í gba ara wọn gbọ́. Kò gbà. Ó pààrọ̀ wáyà. Kò gbà. Ó pe Oyèlékè tó ń tọ́jú ti Oǹdó: ṣé ohun tí mo sọ lo tẹ̀? Oyèlékè ní ohun tí ẹ sọ náà ni, ọ̀gá, òun lè fi Bíbélì búra. Wọn ò sì lè wò ó. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, àmì róbótó-róbótó ló ń hàn.
Mo ní kó tún un sọ fún Oyèlékè. Ó fọwọ́ họ orí. Ó ní òun ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tó.
Màmá wá. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti ta òróró àdúrà sórí kọ̀ǹpútà Wáyà. Mo fi gèlè nù ún. Bọ́tìnnì mẹ́ta ò dìde mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7 Máàṣì
Kò jẹun.

Ẹtì, 8 Máàṣì
Jẹ́ kí n mí ná.
Wáyà ní kí n bá òun lọ sí Oǹdó, pé bí wọ́n bá lé òun, kí ẹnì kan lè bá òun ru àpò bọ̀. Mo jókòó sí igun yàrá sáfà, mo ṣe bí ẹrù. Dókítà ti dé. Oyèlékè wà níbẹ̀ — ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìròyìn ní rédíò. Nọ́ọ̀sì Hameedat náà yọjú, kò sì níṣẹ́ kankan níbẹ̀.
Dókítà ní kí Wáyà sọ ọ̀rọ̀ náà sókè, kí Oyèlékè tẹ̀ ẹ́ lójú àwọn.
Wáyà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò ṣe é sọ lójú àgbà."
Dókítà bọ́ gíláàsì ojú. "Ẹ gbọ́ o! Èmi ni ọmọ yìí bú! Ó bú mi sínú ẹ̀rọ mi!"
"Rárá o, mà!" Òógùn bò ó. Ó wolẹ̀, ó wò mí, ó tún wolẹ̀. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń gbé oògùn kíkorò mì: "Ufẹ́ mi."
Ìwé, ǹ bá rí ihò kan wọ̀. Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn, nínú yàrá wa nìkan. Màmá pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Òun ló fi ti ilẹ̀kùn ọsibítù!
Oyèlékè ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ohun tí mo tẹ̀ náà nìyẹn. Ifẹ́ mi."
"Kí lo pè é?"
"Ifẹ́ mi. Ẹ ní ufẹ́ lórí fóònù, ọ̀gá, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ulé ni ẹ ń pe ilé, usu ni ẹ ń pe iṣu. Mo ní kí n bá yín tún un ṣe, kó má baà tì yín lójú."
"Oyèlékè! Ta ló bẹ̀ ọ́?"
Ó fi u sí i. Ó ṣí! Ìwé àwọn aláìsàn ń ya wọlé. Hameedat pàtẹ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó, wọ́n ní Wáyà ò lọ síbì kankan. Wọ́n wá yíjú sí igun: ìyàwó, ṣé ìwọ ni ufẹ́ ọ̀hún? Orí ni mo fi dáhùn.
Títí a fi dé ẹnu géètì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń kí mi: Ufẹ́, ó dàbọ̀ o!

Àbámẹ́ta, 9 Máàṣì
Dókítà ní ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń kí èèyàn ò lè máa ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Wáyà gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi. Ó ní ìtìjú ò jẹ́ kí òun mú òmíràn, kí n mú èyí tó bá wù mí. Èmi tí mi ò kàwé kọjá praimárì!
Mo rò ó. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Mo gba fóònù, mo pè é fún Oyèlékè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ohùn mi ò gbọ̀n. Mo ní, "Bó ti wù kó rí létí yín, ẹ má tún un ṣe o."
Ó ní, "Ẹ gbà mí! Ṣé ó dá yín lójú, ìyàwó wa?"
Mo ní ó dá mi lójú.
Sáfà méjèèjì gbọ́ra wọn yé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wáyà fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ìwé, má bínú. Ìwọ náà ò ní gbọ́ ọ.