Ẹsẹ̀ Ọkùnrin Ará Ṣàárẹ́

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì máa ń fetí sí ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,

Ìloro ilé ààbà ni mo ti ń kọ èyí sí yín, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ẹ má bínú sí ibi tí tàdáwà dà sí. Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ̀rù ń bà mí.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Baálẹ̀ gbé òòlù yín lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni àkọ́bí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olùṣọ́ àwọn tí ìlú bá dè. Ẹ mọ òfin iṣẹ́ náà jù mí lọ. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá sá, ẹsẹ̀ olùṣọ́ ni wọn yóò kàn mọ́ igi ààbà dípò tirẹ̀, títí wọn yóò fi rí i mú. Bàbá, ihò kan ṣófo nínú igi náà báyìí. Èmi fúnra mi ni mo tú irin rẹ̀.

Sùlé ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Ṣàárẹ́ ni, ẹní ló ń tà. Òun àti ọmọ ìlú wa kan jà lọ́jà, ó sì fi ọ̀bẹ ya á lápá. Wọ́n ní kí ó wà nínú ààbà títí ọgbẹ́ náà yóò fi jinná. Apá ẹni yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san. Ẹsẹ̀ Sùlé ló ń jẹrà.

Ṣé ẹ rántí àlejò tó kú sínú igi lọ́dún tí mo padà dé láti oko ẹrú? Nígbà ayé yín, oúnjẹ tí ará ilé ẹni bá gbé wá ni ẹlẹ́wọ̀n ń jẹ, ẹni yẹn kò sì ní ará níbí. Èmi àti ẹ̀yin la jọ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Mo bínú sí yín, mo sì gbé ìbínú náà títí ẹ fi lọ. Ìgbà tí mo gba iṣẹ́ yín ni mo rí àdému òrí lẹ́yìn igi, ipa ìka yín ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ máa ń fi pa wọ́n lẹ́sẹ̀ ni? Ta ni ẹ ń fi pamọ́ fún, ìlú ni àbí èmi?

Ẹ kò sì bi mí léèrè rí nípa ẹ̀wọ̀n tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi dè mí lọ́rùn nígbà tí wọ́n kó wa lẹ́rú lóko. Lọ́jọ́ kan tí mo ń wẹ̀, ẹ fi ìka kan àpá rẹ̀, ẹ sì yíjú, ẹ wọlé. Kí ni ẹ fẹ́ sọ?

Àpá yẹn ni kò jẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ yìí bí mo ṣe bá a. Mo lu fèrèsé sára ògiri. Mo ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n nínú igi, ọ̀tún lónìí, òsì lọ́la. Wọ́n ń wẹ̀. Mo fún wọn ní okùn lọ́, kí ọwọ́ wọn má baà gbàgbé iṣẹ́. Ìyàwó mi ń se oúnjẹ fún ẹni tí kò lẹ́nìkan. Àbúrò yín dúró sí ìta lọ́sàn-án yìí, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín: “Ọ̀mọ̀wé, o ti sọ ilé ààbà di ilé ìyàwó! Ó ku kí o kun osùn sí wọn lẹ́sẹ̀!” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ihò ti ṣófo.

Láàárọ̀ yìí, ibà ti mú Sùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rùn bíi ti àlejò ọjọ́sí. Ìyá arúgbó kan wà ní Òkè-Onígbìn, lódìkejì odò, tó mọ egbò wò, ṣùgbọ́n kò lè rìn jìnnà mọ́. Baálẹ̀ kò sí nílé, ìránṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń wá ka ẹsẹ̀ inú igi nírọ̀lẹ́ yóò sì wá lónìí. N kò dúró gbàṣẹ. Mo tú u. Mo ní kí ó fi ahọ́n kan òòlù bí a ti ń ṣe nílé wa, kí ó fi irin búra pé òun yóò dé kí oòrùn tó wọ̀. Kíá ló búra. Ó ti kọjá odò kí ó tó yé mi. Ọkùnrin tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́! Kí ni irin Ògún jẹ́ fún un? Mo sáré dé etí odò. N kò rí i.

Ìyàwó mi ti ya aṣọ ògbólógbòó kan wá. “Ẹ fi wé ọrùn ẹsẹ̀ yín, kí irin má baà tètè bó o.” Kò bú mi. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Bí wọ́n bá kàn mí mọ́ igi, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n wọn yóò dí fèrèsé yẹn, Bàbá, kò sì sí ẹni tí yóò tún tú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni wò nílùú yìí mọ́.

Mo fi ìwé yìí sílẹ̀ díẹ̀. Sùlé ti dé.

Ó ń fi igi tẹlẹ̀, ewé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ bú u, ẹkún ló gbà mí lẹ́nu. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Bàbá onítúbú, ẹ má rò pé irin yín ló mú mi padà o. Ọbẹ̀ ìyàwó yín ni. Ó níyọ̀.” Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní: “Ẹ ti gbà mí gbọ́. Ibo ni mo fẹ́ gbé ìyẹn sá lọ?” Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá síwájú igi, ó ní kí n kan èyí.

Mo gbé òòlù sókè, mo sì gbé e sílẹ̀. N kò lè kàn án, Bàbá. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá, kí ni irin tún ń ṣe fún un?

Mo ti ń gbọ́ ohùn ìránṣẹ́ Baálẹ̀ lójúde. N óò sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò mọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Sùlé jókòó lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kò sí irin lára wọn. Bí yóò ṣe bá wa nìyẹn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ lè gbọ́.